Ògbufọ̀ Èdè Tí A Kò Gbọ́

 Tọkọtaya ni àwa tí a ń kọ èyí. Ọ̀kan nínú wa ni ẹ ń rí ní ìlà iwájú nínú kíláàsì, ẹni tí ẹ ń pè ní Màmá, tí kì í jẹ́ kí olùkọ́ parí gbólóhùn kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀. Èkejì wà ní Kétu, ó ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi jókòó kọ ọ́, ọ̀kan ń sọ, ọ̀kan ń kọ, a sì jiyàn lórí apá tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú yín ti bi Màmá pé kí ló gbé e dé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ọmọ ọdún 46, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ronú ọmọ-ọmọ. Ẹ̀rín ló máa ń rín, yóò ní ìwé ló wu òun kà. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Àkọ́bí wa ọkùnrin, tó ti pé ọmọ ọdún 23 báyìí, adití ni. Ó tó ogún ọdún tí àwa méjèèjì fi ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ láìgbọ́ èdè rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ òbí ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2022. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Kétu. Inú ń run ún débi pé kò lè nàró. A gbé e sórí zémìjáǹ, ọ̀kan nínú wa jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kí ó má bàa ṣubú, a sì dé ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé kò gbọ́ràn, ó sì na ìwé àti bíírò sí i. Bóyá ó ti bá adití pàdé rí. Bàbá ọmọ fi ọwọ́ ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, àwa la máa ń sọ̀rọ̀ fún un."

Dókítà dé. Ó bi wá pé láti ìgbà wo ni inú rírun náà ti bẹ̀rẹ̀. A yíjú sí ọmọ wa, a bi í bí a ti mọ̀ ọ́n bi: a fọwọ́ kan ikùn, a la ọwọ́ méjèèjì. Ó dáhùn. Ó na apá òsì síwájú àyà, ó gbé apá ọ̀tún dúró lórí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí apá tó dúró yìí wó díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dùbúlẹ̀ lórí èkejì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ ń le sí i. Ní ilé wa, bí apá bá wó báyìí, "sùn" ni. A wí fún dókítà pé ó ní òun kò rí oorun sùn ní òru àná. Dókítà kọ oògùn aràn àti oògùn inú fún un, wọ́n ní kí a wà níbẹ̀ di àárọ̀.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, nígbà tí oorun ti gbé àwa méjèèjì lọ lórí bẹ́ńṣì, ọmọ náà yọ bíírò lápò nọ́ọ̀sì, ó fa páálí oògùn ya, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí inú rẹ̀ ní Faransé. Ó kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta rèé, pé àyíká ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀, pé ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún ló wà báyìí. Nọ́ọ̀sì kà á, ó sì sáré. Ẹ bi ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìṣègùn nínú ẹbí yín: bí ìrora bá ṣí kúrò ní ìdodo lọ sí apá ọ̀tún báyìí, ìfun kékeré tí àwọn Faransé ń pè ní appendice ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fura sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Oníṣẹ́ abẹ náà kò bá wa jà. Ó kàn béèrè ní pẹ̀lẹ́ pé, "Ta ló ní àná ló bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, tí ara rẹ̀ ti ń yá, ó jókòó tì wá, ó sì kọ́ wa ní ohun tó sọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Apá tó nà sílẹ̀ ni ilẹ̀. Apá tó dúró ni oòrùn. Bí oòrùn bá ti rìn títí tó fi wọ̀, ọjọ́ kan ti lọ. Bí ó bá jẹ́ ìka kan ló nà ní ọwọ́ tó dúró, ọjọ́ kan ni. Bí ó bá jẹ́ ìka mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ni. Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìfọwọ́sọ kan ṣoṣo! Àwa ń sọ "ọjọ́" kí a tó sọ "mẹ́ta", ọ̀rọ̀-orúkọ lọ́tọ̀, òǹkà lọ́tọ̀. Nínú èdè tiwọn, òǹkà ti wọ inú ọ̀rọ̀-orúkọ lọ, o kò sì lè yọ ọ́ láìba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ìka mẹ́ta yẹn wà níwájú wa ní ilé ìwòsàn, nínú iná tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì fi hàn wá. A kò kà á, àwa tí a ń ka owó lójoojúmọ́ láìṣì í.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀kan nínú wa pinnu pé òun yóò padà sí ilé ìwé. Èkejì ní wèrè ni. A ti parí ìjà yẹn.

A kò bí ọmọ náà ní adití. Ọdún 2002 la bí i, ó sì ń gbọ́ràn. Ó ti ń pe ìyá, ó ti ń pe bàbá, ó sì ń pe ewúrẹ́ ní "mẹ̀ẹ́". Kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì, ibà kan gbé e dè nígbà ọyẹ́, ọrùn rẹ̀ le gbagidi, ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí ibùsùn. Ó là á já. Inú wa dùn débi pé a kò tètè mọ̀ pé kì í yíjú mọ́ bí a bá pè é. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu: "Ọmọ yìí kò gbọ́ odó." Ẹni tí kò bá gbọ́ odó nínú agbolé, kí ló tún kù tí yóò gbọ́?

Gbogbo ibi tí òbí máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ ni a gbé e lọ. A kò ní kà wọ́n fún yín, ẹ mọ̀ wọ́n. Owó lọ, ọdún mẹ́rin lọ.

Ṣùgbọ́n láàárín ọdún wọ̀nyẹn, a dá èdè kan sílẹ̀ nínú ilé láìmọ̀ pé à ń dá èdè sílẹ̀. Bàbá ni ọwọ́ tó ń fa irùngbọ̀n. Ìyá àgbà ni ètè tó wọnú, nítorí pé kò léyín mọ́. Ọjà ni ọwọ́ méjèèjì lókè orí bí ẹni tó gbé agbọ̀n. Kútọnu ni ọwọ́ méjèèjì lórí ọwọ́ alùpùpù, tí a bá sì fẹ́ sọ pé ọ̀nà rẹ̀ jìn, a ó mi ara bí ẹni tó ń bọ́ sínú kòtò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ìka nínú imú, àbúrò náà kò sì tíì dárí jì í títí di òní. A kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lé díẹ̀ ní 80. Irú èdè inú ilé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé, àwọn onímọ̀ sì ti kọ ìwé lé e lórí: ọmọ adití tí kò rí èdè gbà lọ́wọ́ àgbà máa ń ṣẹ̀dá tirẹ̀, kì í sì í ṣe jákujàku, ó ń ní ìlànà. Èyí tó wà ní ilé wa tó fún oúnjẹ, fún ènìyàn, fún ibi tí à ń lọ, fún ìbínú. Kò sí "nítorí kí ni" nínú rẹ̀. Kò sí "bí ó bá jẹ́ pé". Kò sí ọ̀la. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ọmọ náà wá a káàkiri ilé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì sí ìkankan nínú 80 yẹn tí a lè fi dá a dúró.

Ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kí a tó gbọ́ pé ilé ìwé àwọn adití wà ní Àjàṣẹ́. A mú un gba Pọ́bẹ̀ àti Sákété lọ ní ọdún 2010, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń fa aṣọ wa. Ọmọ tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní ìsinmi Kérésìmesì kì í ṣe èyí tí a fi sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń fò. Ó ń sọ nǹkan fún adìyẹ, ó ń sọ nǹkan fún ògiri, ó ń dá nìkan sọ̀rọ̀ kí ó tó sùn. A dúró lẹ́nu ọ̀nà à ń wò ó. Ọmọ wa ti ní èdè, àwa kò sì ní in.

Kí ni a ṣe? A san owó ilé ìwé. A ra bàtà, a ra bẹ́ẹ̀dì, a gbé gàrí àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́. A ṣe gbogbo ohun tí àwọn ará ilé fi ń yin òbí, àyàfi kí a kọ́ èdè náà. Ní ìsinmi kọ̀ọ̀kan ó ń gbìyànjú láti kọ́ wa. A ó kọ́ mẹ́wàá, a ó gbàgbé mẹ́sàn-án. A gbà pé èdè ilé ìwé ni, bí Faransé, pé tó bá ti dé ilé kí ó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó padà máa fi ètè wọnú fún Ìyá àgbà. Ó sì ń ṣe é fún wa. Ó ń ṣe é bí àgbàlagbà ṣe ń fi èdè ọmọdé bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí a má yà sí ìtàn èdè náà díẹ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ máa gbádùn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Andrew Foster, adití, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, gboyè ní Gallaudet ní ọdún 1954. Ó dé Gánà ní 1957, ó sì dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Accra. Ní 1960 ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Ìbàdàn yìí náà ni ó sì ti wá ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó ń bọ̀ láti àwọn ilẹ̀ tí a ti ń sọ Faransé. Ilé ìwé tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó dé Tógò, kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rùwáńdà ní 1987. Èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ni ó gbé wá. Níbo wá ni Amẹ́ríkà ti rí i? Adití ará Faransé kan, Laurent Clerc, ló bá Thomas Gallaudet dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Hartford ní 1817, èdè ọwọ́ àwọn ará Faransé sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó para pọ̀ di ti Amẹ́ríkà. Èdè kan kúrò ní Faransé, ó sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ó gba Gánà àti Ìbàdàn kọjá, ó sì dé Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn Faransé fúnra wọn ti jọba fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmú un wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ àyálò, ilẹ̀ tí ẹ lè dá rèé o.

Ọdún 1960 tí Foster dé Ìbàdàn náà ni William Stokoe tẹ ìwé tó fi hàn pé ìfọwọ́sọ ṣe é tú sí wẹ́wẹ́: bí ọwọ́ ṣe rí, ibi tó wà lára, bí ó ṣe ń rìn. Yí ọ̀kan padà, ìtumọ̀ yí padà, gẹ́gẹ́ bí igbá, igba àti igbà ṣe yàtọ̀ fún wa. Ọjọ́ tí olùkọ́ dárúkọ Stokoe ní kíláàsì, tí ẹ rí i tí Màmá dìde jáde, kì í ṣe ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n ọ́n bí ẹnìkan ṣe ń sọ kiri. Ìka mẹ́ta ló ń rí.

Láti ìgbà yẹn ni a ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ "gbọ́". Ẹ wò ó dáadáa. À ń gbọ́ ìró, à ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Bí ẹnìkan bá ní òun kò gbọ́ Fọ̀n, kò sẹ́ni tó máa wo etí rẹ̀. Nítorí náà ọmọ wa gbọ́ èdè ọwọ́, ó gbọ́ ọ dáadáa, ó sì gbọ́ Faransé tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa ni a kò gbọ́. Ẹ tún wo "adití". Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- yìí kan náà ló wà lára apẹja àti akọ̀wé: ẹni tó ń pa ẹja, ẹni tó ń kọ ìwé. Bí a bá tẹ̀lé gírámà, adití ni ẹni tó di etí. Bàbá ọmọ kì í ṣe onímọ̀ èdè, ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá ṣàlàyé èyí fún un lórí tẹlifóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Àwa ni ìwé yín ń bá wí nígbà náà." (Ẹ jọ̀wọ́, a mọ̀ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í fìgbà gbogbo tẹ̀lé ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ má fi máàkì wa jẹ wá níyà.)

Ohun mìíràn tún wà tó dùn wá ju ilé ìwòsàn lọ. Ó ní orúkọ tí a kò mọ̀. Orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, kò gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà ibà yẹn, àwa sì ni a ń lò ó láàárín ara wa. Ní ilé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní tirẹ̀: ìka kan tó fa ilà lórí àgbọ̀n, níbi tí àpá wà, tí ó ti já lórí igi máńgòrò. Gbogbo adití tó mọ̀ ọ́n láti Kútọnu dé Bohicon, orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè é. A kò mọ̀ títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi pè wá lórí fídíò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, tó ń fa ìka lórí àgbọ̀n, tí a rò pé eyín ló ń dùn ún.

Ẹ lè rò pé ilé ìwòsàn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ó kù díẹ̀. Ní ọdún 2023 ló gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹ sì mọ bí ayẹyẹ òmìnira ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa: àga yíyá, ìlù, aṣọ ẹgbẹ́, ìrẹsì. Ó kúnlẹ̀, wọ́n da pọ́dà sí i lórí, ọ̀gá gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Adití mẹ́ta ti Kútọnu wá, wọ́n gbé ọwọ́ sókè wọ́n ń mì ín, bí àwọn ṣe ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀gá ní kí ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè láti sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ọmọ mi ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá òun, lọ́wọ́ ìdílé, lọ́wọ́ Ọlọ́run." Kò ní kí ó sọ ìkankan. Kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó ń ya fọ́tò ya á ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ó sì wà lára ògiri yàrá wa: bàbá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹnu ṣí, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lófuurufú.

Ó tó oṣù kan kí ó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà fún wa. Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá. Ní gbogbo ọdún mẹ́rin tó lò níbẹ̀, obìnrin yẹn nìkan ló kọ́ ìfọwọ́sọ lọ́dọ̀ rẹ̀, láàárín oúnjẹ sísè àti bọ́tìnnì gbígbé. Ní ibi ayẹyẹ náà, ó jókòó sẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bu ìrẹsì. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní òótọ́. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó ń kọ́ wa lórí fídíò, àwa méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ní Kálávì, ọ̀kan ní Kétu. Olùkọ́ tó le ni. Kì í gba pé kí ọwọ́ rọ. Ìka bàbá ti yigbì nínú sìmẹ́ńtì, "W" rẹ̀ sì ń jọ "F" títí di ìsinsìnyí.

Òfin wà, a kò ní kà á fún yín tán. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2006, sọ ọ́ ní ẹsẹ kejì rẹ̀ pé bí a bá wí pé "èdè", èyí tí a ń fẹnu sọ àti èyí tí a ń fọwọ́ sọ ló wà nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa tẹ̀ ẹ́ mọ́wọ́ ní 2012, ó sì ṣe òfin tirẹ̀, 2017-06, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 18, àgbà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ wa fẹ́ ṣí ìwé owó ní ọ́fíìsì kan ní Kútọnu fún ṣọ́ọ̀bù tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ dá sílẹ̀, akọ̀wé kò wò ó, àwa ló ń wò: "Bàbá, ẹ wá fọwọ́ sí i fún un." A ti ń nawọ́ sí bíírò. Ojú ọmọ náà bá tiwa pàdé. A ní kí akọ̀wé bi í fúnra rẹ̀, a sì jáde lọ jókòó lábẹ́ igi níta. Ó lé ní wákàtí méjì. Kò sí ohun tó nira tó kí òbí jókòó sábẹ́ igi nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé pẹ̀lú ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ó jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ní ebi ń pa òun.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin kan láti Bohicon, tí wọ́n jọ wà ní ilé ìwé, adití bíi tirẹ̀, ni ó fẹ́. Nígbà tí ó sọ fún wa, ọ̀kan nínú wa dùn, èkejì kò sùn. Àwọn ẹbí ní wọn yóò bí adití. Èyí rọrùn láti dáhùn ní ti ọmọ wa: àìgbọ́ràn tí àìsàn fà kì í ti ara bàbá bọ́ sí ara ọmọ. Ti ọmọbìnrin náà, a kò béèrè, kò sì sẹ́ni tó rán wa. Ìyá àgbà ló béèrè èyí tó le. Ó ní, "Adití méjì nínú ilé kan. Bí ọmọ bá ké lóru, ta ni yóò gbọ́ ọ?"

A kò fẹ́ sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n a ti ṣèlérí pé a kò ní máa pa ọ̀rọ̀ mọ́ láàárín, nítorí náà a túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti rí. Ó rò ó díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní iná kan wà tó máa ń tàn bí ọmọ bá ké, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ti rí i, àti pé tí kò bá sí iná, òun yóò so okùn mọ́ ọwọ́ òun àti bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí wa, kì í ṣe sí Ìyá àgbà, ó ní: "Ẹ̀yin gbọ́ ẹkún mi. Kí lẹ gbọ́ nínú rẹ̀?"

Ìyá àgbà ní kí ló wí. Ọ̀kan nínú wa túmọ̀ rẹ̀. Èkejì jáde lọ wo ẹran.

Ní oṣù tó kọjá a lọ sí Bohicon fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣáájú ni a ti dé, a sùn sọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ kan. Bàbá ọmọbìnrin náà ń sọ Fọ̀n, Fọ̀n tiwa kò sì kọjá ti ọjà. Faransé rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà ló ń gbọ́ràn tó sì gbọ́ èdè ọwọ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn: bàbá ń sọ Fọ̀n, ẹ̀gbọ́n ń fọwọ́ sọ ọ́, ọmọ wa ń wò ó, ó wá ń yíjú sí wa ó ń tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń lo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé a ti kọ́, tí a bá sì di ojú kì í ó tún un sọ lọ́nà mìíràn. Ó tó wákàtí kan tí a fi jókòó bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tí wọn yóò máa gbé, wọ́n béèrè ohun tí a ó mú wá, wọ́n ní kí a dín kù nínú ọtí, kí a fi kún aṣọ. A gbọ́ gbogbo rẹ̀, àyàfi iye iṣu, tí a ní kí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ó kan bàbá láti sọ̀rọ̀, ọmọ wa jókòó sẹ́yìn. Bàbá ní òun yóò fọwọ́ ara òun sọ ìkíni, kí ẹ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Fọ̀n. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe ìdánrawò. Ó kí wọn, ó dúpẹ́, ó sì fẹ́ sọ pé àná ni a ti dé láti Kétu. Àtàǹpàkò lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni: bí o bá fà á sẹ́yìn sí ọ̀nà etí, àná ni; bí o bá tì í síwájú, ọ̀la ni. Ó tì í síwájú. Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti rí. Bàbá ọmọbìnrin náà wo àwa tí a jókòó síwájú rẹ̀, ó wo bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bi ọmọ rẹ̀ pé ta wá ni àwọn wọ̀nyí, bí àwọn àna bá ṣì ń bọ̀ lọ́la. Ọmọbìnrin náà ti dojú bolẹ̀ lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ wa di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó gbé àtàǹpàkò náà padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì fà á sẹ́yìn.